Olùkọ́ Oníròyìn Tí Kò Gbọ́ Tẹnu Nọ́ọ̀sì

Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì. Ẹ kà á tán ná, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ló ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́.

1.
Gègé ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń kọ ìròyìn. Tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lójú ìwé àkọ́kọ́, àwọn alágbára a máa làágùn. Nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, yunifásítì gbà á kó máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n kọ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. A máa ya iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́rẹpẹ̀rẹ lójú gbogbo kíláàsì: "Ta ló tàn ẹ́ pé o lè kọ̀wé?"

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ nígboro mọ́.

2.
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé ìròyìn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Oògùn àwọn ọmọdé ń pòórá nílé ìwòsàn kan, wọ́n sì ń nàka sí nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì parí o. Mi ò tíì bá nọ́ọ̀sì náà sọ̀rọ̀."

"Fi sílẹ̀. Màá wò ó."

Ó wò ó lóòótọ́! Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí ìròyìn náà fi jáde, orúkọ Gègé gàdàgbà lórí rẹ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì ní olè. Fóònù rẹ̀ ò sinmi: "Ọ̀gá, ẹ ṣì wà ńbẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn òbí tí ọmọ wọn ti kú nílé ìwòsàn náà torí àìsí oògùn kà á. Wọ́n lọ ká nọ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́ sí, níṣojú àwọn aláìsàn tó ń tọ́jú.

3.
Ìwádìí dé. Ọ̀gá ilé ìwòsàn gan-an ló ń kó oògùn tà. Nọ́ọ̀sì yìí ló sì kọ́kọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Yunifásítì pe Gègé àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà. Ó fò dìde: "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́!"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

Wọ́n lé Gègé bí ẹni lé ajá. Ìwé ìròyìn tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ò tún gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

4.
Ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. "Mà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ sọ tẹnu yín fún mi, màá kọ gbogbo ẹ̀."

Obìnrin náà fi ojú kan tó kù wò ó.

"Nígbà tójú mi pé méjì, ẹ ò bi mí." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, kẹ́ ẹ tó pe ẹnìkan lólè, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í la ojú tó ti fọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.