Ipò Kìíní Tí Ọwọ́-yá Fi Ìgbátí Gbà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.
Ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọwọ́-yá ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ayùn, ó sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ létí ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń to pákó.

Wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá tuntun. Àjèjì kan bá ẹ̀rọ náà wá láti máa tún un ṣe. Kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò sì gbọ́ tirẹ̀. Máníjà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa fi áàpù orí fóònù kọ́ èdè àjèjì náà. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni yóò di olórí ẹ̀rọ, òun ni yóò sì máa kọ́ àwọn yòókù.

Áàpù yìí kì í bo àṣírí. Láràárọ̀ ló ń fi ipò oníkálukú han gbogbo wọn. Ìyàwó ló wà lókè téńté. Ọkọ wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Agbálẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kí Ọwọ́-yá lọ́jọ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀gá yín ńkọ́ nílé? Ẹ bá wa kí wọn o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́-yá gbá a lẹ́nu, eyín fò jáde.

2.
Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ tẹ̀lé fóònù.

"O ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́."

"Bàbá ọmọ mi, kò le rárá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ìgbátí fi dé. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ta á nípàá níhà. Ó ní kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ipò kìíní nínú áàpù, kó fi ti òun sí i. Ẹ̀jẹ̀ imú ń kán sórí fóònù bí obìnrin náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ni wàá máa kọ́ ọ, èmi ni màá máa gba ipò. Bí o bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún mi níwájú ènìyàn, màá pa ọ́."

3.
Orúkọ Ọwọ́-yá bọ́ sókè téńté, ó sì di olórí ẹ̀rọ. Bí àjèjì bá sọ̀rọ̀, á mi orí. Bí àwọn yòókù bá ní kó kọ́ àwọn, á ní kí wọ́n lọ tẹ fóònù wọn.

4.
Lọ́jọ́ kan, igi há sí ayùn, wọ́n sì pa ẹ̀rọ náà. Àjèjì kó irin iṣẹ́ dání, ó bá Ọwọ́-yá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọwọ́-yá mi orí. Àjèjì gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ, ó wọ abẹ́ ayùn. Ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ kò lè rí ibẹ̀.

Ìyàwó Ọwọ́-yá rí i pé ọkọ òun ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Bàbá ọmọ mi, ó ní kí ẹ dúró ná!"

Gbogbo ènìyàn yíjú. Ojú ti Ọwọ́-yá.

"Ta ló ní kó o túmọ̀ fún mi?"

Ó tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà ti sáré dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó fa àjèjì lẹ́sẹ̀. Ayùn gé apá àjèjì náà ní ìgúnpá. Ayùn náà há mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ obìnrin náà, ó sì fà á wọlé. Kí wọ́n tó pa iná ẹ̀rọ, kò sí ohun tí ènìyàn lè gbé dìde mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi pákó lu Ọwọ́-yá títí egungun rẹ̀ fi ṣẹ́. Kò gbé ọwọ́ sókè. Àjèjì wà nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan wí.

"Olórí ẹ̀rọ, kí ló ń wí?" agbálẹ̀ bi í.

Kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ni wọ́n ti da aṣọ bò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè lórí fóònù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ ṣọ́ra. Ẹ gbọ́ èdè lẹ́nu ènìyàn kí ẹ tó fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́. Ìwọ ọkọ, bí aya rẹ bá mọ nǹkan jù ọ́ lọ, kò bù ọ́ kù. Má ṣe mi orí sí ohun tí o kò gbọ́. Má sì ṣe na ẹni tó gbọ́ ọ.