Àlejò tó Wá láti Berlin

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Àrínọlá gbé báàgì ológun rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ sí Hamburg. Ọdún méje ló fi ṣe ọmọ ogun Jámánì, ó sì dé Afghanistan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó lo ọdún kan ní yunifásítì ní Berlin, láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ju bíà àti àròyé lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́. Ó gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ìyá wà ní Hamburg, àwọn ọmọbìnrin Yorùbá tó ń kàwé, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní Lurup, ló bá gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ wà ní Reinickendorf, ní Berlin. Àwọn ló ni ilé náà. Àrínọlá kò jẹ́ sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí àwọn ènìyàn kan pè é ní tiwọn.

Ó ti kọ ímeèlì sí ẹgbẹ́ náà pé òun fẹ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣílẹ̀kùn. Ayọ̀níkẹ́ ni, ààrẹ ẹgbẹ́, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ.

“Èmi ni Àrínọlá. Láti Berlin.”

Ayọ̀níkẹ́ wo báàgì, ó wo bàtà, ó sì kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. “Ẹ káàbọ̀ mà. A ti ń retí yín.”

Wọ́n kúkú rí ímeèlì náà. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọn ì bá fi fèsì ni wọn kò ní. Ìkúnlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọmọ wo ló ń kúnlẹ̀ ní Hamburg, bí kò bá ṣe pé ó fẹ́ fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn mẹ́rin ló ń gbé yàrá mẹ́ta. Wọ́n há ara wọn mọ́ méjì, wọ́n sì fi Àrínọlá nìkan sí ìkẹta. Ó mọ irú èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ fojú ọmọ ogun tuntun gbolẹ̀, wọn a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Kò bínú sí ìdánwò. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn tó fẹ́ dán an wò kò ju òròmọdìẹ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá ìkòkò tí kò mọ́ ní ilé ìdáná. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Ìníolúwa, èyí tó kéré jù, tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé, tí kò sì ní ibòmíì tó lè sùn, sáré wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, Entschuldigung, ẹ forí jì mí, ẹ fún mi!”

“Mo ti fọ ìkòkò tó jù yìí lọ,” Àrínọlá fèsì.

Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Àwọn tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bí ẹní ń wòran. Ó fọ ìkòkò náà títí ó fi ń dán.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọn kì í wò ó lójú. Àárọ̀ ni í jáde lọ sí yunifásítì, wọn kò sì bi í léèrè rí ibi tó ń lọ. Kò jọ wọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ra ẹran ewúrẹ́ bọ̀ láti àdúgbò St. Georg, èyí tó tóbi jù ni wọ́n máa ń bù fún un, wọ́n á wá máa wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ̀bìà ni. Ó máa ń fi ẹran náà sílẹ̀. Nígbà kan ó gbọ́ tí Ìníolúwa ń fi Jámánì béèrè nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí Ayọ̀níkẹ́ sì dá a lóhùn pé, “Kò tíì sọ nǹkan kan.”

Wọ́n ń retí kó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á pẹ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ayọ̀níkẹ́ to àwọn yòókù sí pálọ̀ níwájú Àrínọlá. Wọ́n ka òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Àrínọlá ti kọ́ ọ sórí kó tó kúrò ní Berlin. Ó retí kí wọ́n ní kí òun náà kà á. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìníolúwa fo ìlà kan.

“Tún un kà,” ni Àrínọlá wí.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Irú èyí ni ọmọ ẹgbẹ́, òun tó gbé òkú ní Kunduz, ní Afghanistan, ló wá kù tí wọn kò tíì gbà!

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, sùúrù rẹ̀ tán. Ó di báàgì rẹ̀, ó gbé e bọ́ sí pálọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde dúró. Ọ̀rọ̀ tó ti ń dì sínú bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ̀ ń kúnlẹ̀, ẹ̀ ń sá kiri, ẹ ò lè wo ènìyàn lójú kẹ́ ẹ sọ òótọ́. Ọmọ-Ìyá kọ́ lẹ jẹ́. Ẹ tú ẹgbẹ́ yìí ká, kí oníkálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìyẹn gan-an ló rí i lára jù. Àwọn tí kò lè ja fún nǹkan tiwọn ló ń dí òun lọ́nà! Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

Ayọ̀níkẹ́ sáré bá a, ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ má bínú mà, a ò ní jiyàn, ẹ ṣáà bá wa sọ fún àwọn ìyá ní Reinickendorf, tí wọ́n rán yín wá wò bóyá kí wọ́n ti ilé yìí tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé a gbìyànjú, kẹ́ ẹ sì bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí Ìníolúwa sùn síbí di ọ̀la.”