Káfíńtà Tó Kun Adìẹ Ní Pupa

Ọkùnrin kan wà tí àìnísùúrù rẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo àdúgbò sọ ọ́ ní Kíámọ́sá. Káfíńtà ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kì í wá ọ̀nà àbùjá sí. Bí gọ́ọ̀mù bá ní láti gbẹ di ọjọ́ kejì, á ní oòrùn ọ̀sán ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un, ìdajì ló máa ń gbọ́. Ìdajì yòókù, á ní òun ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sin adìẹ funfun mẹ́jọ. Ìran àwọn adìẹ tí ìyá wọn sìn nígbà ayé rẹ̀ ni, àwọn mẹ́jọ yìí nìkan ló sì kù. Nígbà tí dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ìlú mìíràn, níbi tí yóò ti lo oṣù kan gbáko, ó kó wọn sínú àgò méjì, ó gbé wọn tọ àbúrò rẹ̀ lọ, nítorí Kíámọ́sá náà ń sin mọ́kànlá tó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀.

“Gbọ́ mi dáadáa o,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Má dà wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o lè rí i pé kò sí èyí tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, fi wáyà sí àárín wọn, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n máa jẹun nítòsí ara wọn. Ìgbà tí wọn ò bá bínú síra wọn mọ́ ni kí o ṣí i. Kí oúnjẹ wà níbi méjì, kí omi náà wà níbi méjì.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ ibi tó ń lọ.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ibi tí wọ́n lè yà wọ́n sí, pákó ló sì kún ibẹ̀. Ìyàwó Kíámọ́sá, tó ń ránṣọ níwájú ilé, ní kí àwọn jọ kó pákó náà kúrò.

“Kí ni mo fẹ́ kó pákó sí? Adìẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìyàwó tuntun.”

“Ìyàwó tuntun gan-an, bàbá àwọn ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ilé hàn án kí wọ́n tó ní kó lọ dáná.”

“Ìwọ máa rán aṣọ rẹ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí àgò méjèèjì sáàárín ilé adìẹ. Kò tíì yí ẹ̀yìn padà tí àwọn tirẹ̀ ti gbé ìyẹ́ ọrùn sókè, tí wọ́n ń lé àwọn àlejò kiri igun. Kíámọ́sá wò wọ́n títí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀: àwọ̀ funfun yẹn ni! Ṣebí òun ti fi igi oríṣi mẹ́ta kan tábìlì kan rí, tí òun fi aró bò ó, tí oníbàárà sì rò pé igi kan náà ni?

Aró pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kun igi. Tó bá gbẹ tán ni wọ́n ń fi dúdú lé e, kó lè di àwọ̀ ilẹ̀. Kíámọ́sá kò ní sùúrù fún ìkejì. Ó po aró pupa sínú ike, ó mú fóòmù, ó sì kun adìẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti orí dé ìrù.

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó pariwo. “Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn?”

“Aró ni. Adìẹ mọ́kàndínlógún, ọmọ ìyá kan náà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wọ́n, kò tíì pẹ́ jù.”

Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun bá yí ẹ̀yìn padà, ìyàwó òun yóò yà wọ́n. Ó fi àgádágodo ti ilé adìẹ, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì gbé ilẹ̀kùn kan lọ sílé oníbàárà.

Adìẹ kì í rí pupa lára ìyẹ́ adìẹ mìíràn kó fi sílẹ̀; ọgbẹ́ ló kà á sí, yóò sì máa ṣá a títí yóò fi di ọgbẹ́ lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi fi dà pọ̀ mọ́ aró. Ìyàwó ń fi igi lu wáyà, ó ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. “Mo ń bọ̀,” ni ọkọ ń wí, ṣùgbọ́n ìkánjú ló fi wọn ilẹ̀kùn tó gbé lọ, kò wọ ojú ibi tó yẹ kó wọ̀, ó sì ní láti gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó dé, mẹ́fà ti kú. Méjì tó kù ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò rí ìrọ̀lẹ́. Àwọn tirẹ̀ náà, tí ẹnu wọn ti mọ adùn ẹ̀jẹ̀, dojú kọ ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọgbẹ́ pa èyí tó kẹ́yìn, ilé adìẹ sì dá wáí.

Ẹ̀gbọ́n dé, ojú rẹ̀ ti là, ó ní adìẹ òun ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Kíámọ́sá dojú bolẹ̀, ó jẹ́wọ́.

“Mo máa ra mẹ́jọ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi. Àní mo máa ra ogún.”

“Níbo ni wọ́n ti ń ta ti Màmá?”

Ẹ̀gbọ́n kò bú u, kò sì ṣépè. Nígbà tó tún ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kejì, aládùúgbò ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé lọ́wọ́. Títí di òní, bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, òun tó ti ń ki í ní oríkì láti ìgbà tí àbúrò náà ń rákò, kò ní dúró. “Ẹ kú iṣẹ́ o, káfíńtà,” ni yóò wí, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí kò lè di ará ilé kan náà nítorí pé a kùn wọ́n ní àwọ̀ kan. Àkókò ni wọ́n nílò, àyè ni wọ́n nílò, kí wọ́n rí ara wọn láìfara kanra títí ojú yóò fi mọ ojú. Ẹni tó bá sì gba nǹkan tọ́jú fún ẹlòmíràn, kó gbọ́ ìlànà rẹ̀ tán, kó sì tẹ̀ lé e tán, nítorí ohun tí ìkánjú bá fi wákàtí kan bà jẹ́ lè jẹ́ ohun tí a kò ní rí rà ní ọjà kankan láyé.