Ibi Tí Ìpín Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Obìnrin náà ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wọlé kí ó tó rántí pé òun kò nu ẹsẹ̀. Ó padà síta, ó nu ún, ó tún wọlé. Dísìkì dúdú pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju àpótí ìṣáná lọ, ó fi aṣọ ìnujú mímọ́ wé e.

"Ó tún ti ń falẹ̀," ni ó wí. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ìwé sókè sínú ẹ̀rọ fún àwọn afọ́jú, inú dísìkì yìí ni ó sì ń kó ohùn náà pamọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ó kọ́kọ́ gbé e wá. Ẹni tó bá a ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti da ìpín dísìkì àtijọ́, ìyẹn àyè tí ẹrù ń wà, kọ sínú rẹ̀ bó ṣe wà, iye àtijọ́ tí kò tọ́ sì bá a wọlé. Obìnrin náà ní òun fẹ́ mọ ibi tí ó ti bà jẹ́ gan-an. Jẹ́jẹ́, atúnṣe tó wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ fún un, ó sì fi iye náà hàn án kó tó tún un ṣe. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ di ìrọ̀lẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tíì àwọn méjèèjì tutù sórí tábìlì.

Lónìí, Jẹ́jẹ́ ti dìde kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí." Ó fi ọwọ́ nu àga tí kò ní eruku.

"Gbé e wá síbí," ni ọ̀gá wí láti ìdí tábìlì tirẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá wò ó."

Kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì wà níwájú ọ̀gá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ti ṣọ́ọ̀bù kejì ni, èyí tí wọn yóò ṣí lọ́sẹ̀ yìí, àti pé Jẹ́jẹ́ ni yóò máa bójú tó o. Ìyàwó ọ̀gá tilẹ̀ ti kí i kú oríire.

"Àǹtí, ẹrù inú rẹ̀ ńkọ́?" ni ọ̀gá bi í.

"Mo ti dà á kọ síbòmíràn." Obìnrin náà ṣí àpò rẹ̀, ó fi fúláàṣì kékeré kan hàn án.

"Ọlọ́gbọ́n ni yín." Ọ̀gá ki okùn bọ dísìkì náà, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Jẹ́jẹ́, wá kà á fún mi. Níbo ni ìpín yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ tẹ̀ mọ́ èjìká ọ̀gá. Ó wo iye náà, ó sì wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, sà."

"Níbo ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀?"

"2048, sà."

"Ẹ gbọ́ o!" Ọ̀gá kọjú sí bàbá kan tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé itan, tó ń retí kó kàn án. "Bàbá, yàrá yàrá ni inú nǹkan yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á gbé bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá kan. Ti Jẹ́jẹ́ wa, ó gbé e dábùú ògiri, orí wà ní yàrá kan, ẹsẹ̀ wà ní èkejì. Kí wọ́n tó lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan, yàrá méjì ni wọ́n á ṣí."

"Ẹni tó bá sùn lórí ẹ̀ ńkọ́?" ni bàbá wí. "Ògiri á mà là á níkùn o." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lo dá a padà fún wọn?" ni ọ̀gá bi Jẹ́jẹ́.

"Ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Òní ni Ajé. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dá 2048 lábàá. Kéèyàn tó rí mẹ́tàlélọ́gọ́ta kọ síbẹ̀, àfi kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo ṣe é àbí ìwọ kọ́?"

Jẹ́jẹ́ wo obìnrin náà. Ó ti ń ká aṣọ ìnujú mọ́ ìka rẹ̀, ó ká a títí ìka náà fi pọ́n.

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ó sọ wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. "Ẹni tí kò lè gbé bẹ́ẹ̀dì sójú kan, ṣọ́ọ̀bù wo ni màá gbé lé e lọ́wọ́? Bẹ Àǹtí. Sọ fún wọn pé o ò mọ iṣẹ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò mọ iṣẹ́."

Obìnrin tó ń ka odidi ìwé láìsinmi la ẹnu. "Kò..." Ó wo dúrọ́ọ̀ tí ọ̀gá tì. "Kò burú."

Jẹ́jẹ́ gba dísìkì náà. Ó pa ìpín náà rẹ́, ẹ̀rọ dábàá 2048, ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ó da fáìlì ńlá kan sínú rẹ̀ láti dán an wò, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fi wé dísìkì bí òun náà ṣe wé e wá.

"Kò ní falẹ̀ mọ́. Ẹ ò ní máa yọ ara yín lẹ́nu wá síbí mọ́."

"Láéláé!" ni ọ̀gá wí. Kò gba owó.

Obìnrin náà dúró díẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn, ó sì jáde, nínú àwọn tó kù, Jẹ́jẹ́ nìkan ló mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tó wà lábẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, tí dísìkì wà nílé lọ́dọ̀ obìnrin náà, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ iye tí Jẹ́jẹ́ fi hàn án, kí ó lè rí ìdí tí yóò fi padà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.