Orúkọ Tó Wọlé Lẹ́ẹ̀mejì

Aago mẹ́rin ku díẹ̀. Àwọn dókítà ojú tó wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti ń múra àtilọ.

Akọ̀wé ń wá orúkọ ọmọ kan nínú kọ̀ǹpútà, òógùn bò ó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò," ni ìyá ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́ lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà rọ̀ mọ́ ọn láṣọ, ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú, kò ríran.

Ilé ìwòsàn mẹ́tàlélógún ló fi fáìlì orúkọ àwọn aláìsàn ránṣẹ́. Akọ̀wé ló kọ mákírò, àṣẹ tó mú kí kọ̀ǹpútà da gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, kó sì pa orúkọ tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì rẹ́. Ọ̀gá tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó fi nọ́ńbà fóònù ìyá wá a. Ó rí i.

"Màmá, wọ́n ní àwọn ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀."

"Ìyẹn kọ́ nìyí. Ìyẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà lójú rẹ̀."

"Ọjọ́ ìbí kan náà ni. Orúkọ bàbá kan náà."

"Ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀ ni? Ìbejì ni wọ́n!"

Ọwọ́ akọ̀wé dúró. Òun ló ní kí mákírò má wo orúkọ ọmọ, torí pé bó ṣe wu ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ó sáré tọ ọ̀gá lọ.

"Àwọn dókítà ti di irinṣẹ́ wọn sínú mọ́tò," ni ọ̀gá wí. " Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó padà síbi fèrèsé. Ọmọ náà gbójú sókè síbi tó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, tí wọ́n bá tú báńdéèjì lójú èkejì mi lọ́la, ṣé èmi ló máa kọ́kọ́ rí?"



Akọ̀wé alára, ìbejì ni.