Ibi Tí Àgbàrá Ń Gbé Ẹrù Sí

Bàrákàt wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ti ń kọ́ nípa omi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan odò ńláńlá fún ìwádìí wọn. Òun yan kánàá, ojú àgbàrá ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá ní Ìkòtún.

Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àgbàrá ń gbé ẹrù lọ bí òjò bá rọ̀. Dókítà Ọlátúnbọ̀sún, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ní kó máa ju ọsàn sómi, kó máa wo bó ṣe ń yára lọ sí.

"Ọsàn fúyẹ́ jù, sà," Bàrákàt fèsì. "Àpò ni mo fẹ́ lò. Àpò ọlọ́gọ́ta kílò."

Olùkọ́ náà rò pé ìdọ̀tí tó ń dí kánàá ló ń rò. Ó ní èrò gidi ni. Bàrákàt dúpẹ́, ó sì lọ wá àpò.

Bírìkìlà ni Àmúsà, bàbá rẹ̀. Òun ló bá a rán àwọn àpò náà, tó bá a po iyanrìn mọ́ èérún pákó kún inú wọn. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì á ju àpò sómi, wọ́n á máa tọ̀ ọ́ létí kánàá nínú òjò títí dé apá Ìgándò. Bí wọ́n bá délé, bàbá á dáná, wọ́n á jẹun.

Nínú àpò mẹ́sàn-án, méje dúró sí ojú kan náà, lẹ́yìn ọgbà àwọn onípákó, níbi tí kánàá ti ṣẹ́ kọ́nà, tí ẹrẹ̀ ga dé ìbàdí. Stephen tó ń ta pákó níbẹ̀ kí wọn.

"Bàbá, ọmọ tó ń ka irú ìwé yìí, á ṣe yín lóore ṣá."

Àmúsà ní àmín. Kò gbójú kúrò lára ẹrẹ̀ náà títí òjò fi dá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nígbà tí Dókítà ka ìṣirò náà tán. Ó ní òun ò tíì rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, pé kó wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ ní Ọjọ́bọ̀, Bàrákàt ló máa gba ẹ̀bùn iṣẹ́ tó dára jù. Ó bi í bóyá ibi tó fojú sùn náà dá a lójú.

"Ó dá mi lójú, sà," Bàrákàt wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, Bàrákàt kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọgbà àwọn onípákó pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ lásán wa ẹrẹ̀ kúrò lára egungun Mọ̀dínátù, ìyá Bàrákàt, tí àgbàrá gbé lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀ sin.