Àlejò Ọjọ́bọ̀

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà padà sí bárékè ni Látífàt tún bẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn pé kí wọ́n gba òun wọlé. Ìgbà kẹta nìyí. Ó ti gboyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ fún un níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn kì í gba ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ náà.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kò ní oko tó lè fi hàn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dáko, àmọ́ omi ọ̀sà ya wọ inú rẹ̀ kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Fádèyí, kò fepo bọyọ̀ fún un.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta la máa ń bá èèyàn dé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn èèyàn wa á wá wo oko yín ní Bàrígà. Bó bá tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má padà wá mọ́.”

Oko náà wà létí ọ̀sà, lẹ́yìn àwọn ilé pákó. Baálẹ̀ àdúgbò ló ní kí wọ́n máa lo ilẹ̀ náà títí olóhun rẹ̀ yóò fi dé. Rọ̀kíbátù, ìyá Látífàt, ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè ra ilẹ̀dú. Látífàt to àpò iyanrìn síhà ọ̀sà, ó fi mọ odi. Omi ibẹ̀ níyọ̀, kò ṣe é bu sí ẹ̀fọ́, nítorí náà ilé ni wọ́n ti ń ru omi lọ. Ìyá a máa tiro tẹ̀lé ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ nà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti to eegun rẹ̀ ní ọsibítù Igbóbì.

“Màámi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Màá padà wá gbé e.”

“Bó bá rẹ ìwọ náà ńkọ́, ta ni yóò gbé e? Máa lọ jàre.”

Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dáwọ́ dúró. Tẹ̀tẹ̀ ń jẹrà láti gbòǹgbò. Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, kòkòrò ti jẹ ṣọkọ tó kù, igi rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ebè. Rọ̀kíbátù dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e. Látífàt ń ronú ohun tí yóò sọ fún àwọn ará Abẹ́òkúta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ jíìpù kan dúró lójú ọ̀nà. Ọkùnrin méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Èyí àgbà wọ kóòtù. Èyí èkejì gbé téèpù ìwọnlẹ̀ àti ṣọ́bìrì dání.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni Látífàt wí. “A ti ń retí yín.”

Àgbà náà wò ó. “Ẹ ti ń retí wa? Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Kò wo ẹ̀fọ́. Ó ń rìn kiri, ó ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kejì na téèpù láti ìdí odi títí dé ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó gbẹ́ kòtò kan tó jìn, ó sì bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọkàn Látífàt balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn dénú, ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò.

“Ṣé omi ń dé ibí?” ni àgbà náà béèrè.

“Tẹ́lẹ̀ ni, sà. Kò dé mọ́.”

Ó ṣàlàyé bó ṣe to àpò iyanrìn, ibi tó la gọ́tà gbà, àti bí ilẹ̀dú tí wọ́n rà ṣe mú kí ilẹ̀ náà le. Àgbà náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

“Ta ló kọ́ yín?”

“Yunifásítì ni, sà. Ìyókù, ọ̀sà ló kọ́ mi.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Iṣẹ́ ńlá lẹ ti ṣe síbí, Màámà. Ẹ ṣeun. A ti gbà á.”

Rọ̀kíbátù fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dáa kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún wọn títí ọkọ̀ náà fi lọ. Látífàt ní òun á ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún ìyá òun tí òun bá dé Abẹ́òkúta. Wọn kò ru omi mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ létí ọ̀sà ní òwúrọ̀ Jímọ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ ta sí láṣọ dá wọn dúró lójú ọ̀nà, obìnrin náà sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ló rán wa wá láti Fádèyí, àná ló yẹ ká ti dé, ọkọ̀ wa ló bàjẹ́, nínú ilẹ̀ tí katapílà ń wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù lọ́hùn-ún yẹn, apá ibo ni oko Látífàt?”